Ẹni Tó Ń Tú Àkísà Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Kí n tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ni mo ti ra kóòtù tí n óò fi gbà á. Ìtamága ní Ìkòròdú, níbi tí mò ń gbé, ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà. Kóòtù aláwọ̀ búlúù ni, apá rẹ̀ sì gùn ju apá mi lọ. Onílé mi, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà láti ọjọ́ tó ti rí kóòtù náà lórí okùn tí mo sá a sí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ayálégbé mẹ́ta ti wá béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé irú dókítà tí mo fẹ́ jẹ́ kì í fún èèyàn lóògùn. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ọ̀ṣun tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, bi mí pé, "Kí wá lẹ máa ń fún èèyàn, mà?"

Mo ká kóòtù mi lórí okùn, mo wọlé. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà náà pé wàhálà ń bọ̀.

Ohun tí mo fi ọdún márùn-ún kọ́ nìyí, ní Yorùbá tí kò wọ kóòtù. Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, purotéènì kan wà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ó yá, pín sí méjì. Purotéènì yìí gbọ́dọ̀ pọ̀ kí pípín náà tó lè bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pa rẹ́ kí pípín náà tó lè parí. Tó bá kọ̀ tí kò lọ, tàbí tó bá dé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ètò sẹ́ẹ̀lì á dàrú, ọ̀kan lára ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà wọlé sì nìyẹn. Láti lè pa á rẹ́, sẹ́ẹ̀lì máa ń so àmì kéékèèké mọ́ ọn lára. Yubikúítìn ni àwọn onímọ̀ ń pe àmì náà. Ohun tí àmì yìí bá ti wà lára rẹ̀ ti di ti ẹ̀rọ ìlọ̀ kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ náà á sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńsáìmù kan tún wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ kí wọ́n máa tú àmì náà kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, àwọn atú-àmì yìí máa ń ṣe àṣejù, wọ́n á máa dá ohun tó yẹ kó ti kú sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mo mú, tí mo gbé ka iwájú bí ẹni tó fẹ́ dá a lẹ́jọ́.

Ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ yìí kò sí nínú ìwé tí mo kọ. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá mi ní ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja. Láàárọ̀, bí ẹja bá ti dé láti inú ọkọ̀, wọ́n á dà á sínú abọ́ ńláńlá, ìyá mi á wá máa yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Á tẹ ikùn rẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà, á so àkísà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn nírù, kí gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án lè mọ̀ pé kò gbọdọ̀ dé orí ààrò. Ìyá mi yára, ó sì máa ń fura sí ẹja bí ó ṣe ń fura sí àna. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á jókòó sí ìdí abọ́ kejì, á tún wọn wò. Èyí tí ìyá mi bá ṣì mú, á tú àkísà lára rẹ̀, á dá a padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo ọwọ́ obìnrin yìí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ẹ́ńsáìmù tó ń tú àmì, mo rẹ́rìn-ín nínú ilé ìkàwé. Mo ní, Ìyá Àgbà rèé.

Ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà wà níbẹ̀, ọkùnrin tí oyè tó kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ débi pé káfíńtà ní láti kan pákó kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Mo wọ kóòtù mi. Mo lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn débi pé mo ní láti mí ní àárín rẹ̀. Gbogbo wọn ń mi orí, mo sì rò pé ó yé wọn. Ó ti wá yé mi pé orí mímì ni wọ́n fi ń gbà wá sí fásitì, òun náà ni wọ́n fi ń fẹ̀yìn tì.

Obìnrin kan ṣoṣo ni kò mi orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni òun náà, fásitì mìíràn ni wọ́n ti pè é wá kó wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Sílípáàsì ló wọ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi bi mí.

"Ọmọ mi, o ní ẹ́ńsáìmù rẹ yìí ló ń gba purotéènì náà là."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O wá mú ẹ́ńsáìmù náà kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó yẹ kí purotéènì náà dín kù, àbí? Èyí tó wà nínú àwòrán rẹ pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì náà sì há sí àárín pípín, kò jẹ́ ọ̀kan, kò jẹ́ méjì. Kí ló fà á?"

Mo ní ọ̀rọ̀ náà ní ìdí púpọ̀, pé ó díjú gan-an ni.

"Mo gbọ́ pé ó díjú. Ṣé ó yé ọ?"

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Ọ̀gá mi tó ń tọ́ mi sọ́nà ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé padà, wọ́n ní oṣù kan péré ló kù fún mi. Ọdún tí òfin fún mi ti tán. Bí mi ò bá rí àlàyé ṣe, wọ́n á fún mi ní ìwé-ẹ̀rí kékeré, n óò sì máa lọ sílé.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí èbúté Ìpàkòdó ní Ìkòròdú, mo gbé aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sórí kóòtù. Ọkùnrin tó jókòó tì mí wo kóòtù náà, ó ní, "Ẹ kú oríire o." Mo ní ẹ ṣé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kí n tó dé, ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti gba oyè. Ó rí mi láti òkèèrè, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fún ọ?"

"Wọ́n ní kí n padà wá."

"Kí o padà wá gbà á?"

"Kí n padà wá ṣàlàyé."

Ó wo ojú mi bó ṣe máa ń wo ojú ẹja, ó wá ju ìró iṣẹ́ kan sí mi. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀ láti ìdí abọ́ rẹ̀. "Ọmọ ìwé, ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Ilé ẹja ti yí padà díẹ̀ nígbà tí mo ń gbé pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ẹja tó bá ti bàjẹ́. Nísinsìnyí, ìyá mi ti ra ẹ̀rọ ńlá kan, bíi ti àwọn tó ń lọ ata, àmọ́ tirẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ẹja tí kò yẹ fún ẹnu èèyàn ni wọ́n ń lọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pò mọ́ èèrí àgbàdo, tí àwọn tó ń sìn ẹja ní apá Ìmọ́ta ń wá rà fún oúnjẹ ẹja wọn. Ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà, Bàbá Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀, Ìyá Àgbà á wà ní ìdí abọ́. Tó bá ti di ọ̀sán, á gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹnu ẹ̀rọ.

Mo jókòó tì í níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń bi mí nípa iṣẹ́ mi, mo sì ń sọ fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mo ní láti tú fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Sẹ́ẹ̀lì ta lẹ wá ń tọ́jú nínú abọ́ tí o sọ yẹn?"

"Ti obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó ti kú tipẹ́."

"Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ṣì ń lò ó?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó dìde, ó ní, "N óò fi í sínú àdúrà. Bá mi jókòó síbí, kí n lọ kírun Àìlà ti ọ̀sán."

Ó lọ. Bàbá Ẹlẹ́rọ tan ẹ̀rọ. Òkìtì ẹja wà níwájú mi, àkísà pupa nírù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sọ fún mi pé kí n ṣe báyìí, kí n má ṣe báyìí, nítorí pé ní ilé ẹja wa, ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ọdún méje, mo ti kàwé. Nínú ìmọ̀ tèmi, títú àkísà ni ìdáríjì. Ta ni mo jẹ́ tí n óò máa dárí ji ẹja tí ìyá mi àti Ìyá Àgbà ti jọ dá lẹ́bi? Mo gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkísà wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo jù wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà jẹ bíi mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló húkọ́, ó kígbe, ó dákẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́rọ pa iná. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa àkísà kan jáde, ó gùn bí ìfun. Ó fa òmíràn. Ó yíjú sí mi.

"Dókítà, ẹja ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fún un. Ẹ dáṣọ fún un."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń wo ìwé tẹ́ ẹ kà ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ẹja tuntun ń dé, wọ́n ń kó èyí tó ní àkísà wá sọ́dọ̀ mi, kò sì sí ibi tí n óò kó wọn sí. Òkìtì ọ̀dọ̀ mi ń ga sí i. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìyá mi ti ń pariwo láti ìdí abọ́: "Àkísà dà? Àkísà ti tán lọ́wọ́ mi o." Nítorí pé kò sí ẹni tó ń tú u, kò sí èyí tó ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹja tó bàjẹ́ sọ́tọ̀ láìsí àmì, wọ́n ń yọ́ padà sáàárín àwọn tó dára. Gbogbo ilé ẹja dúró. A ò lè yan, a ò lè lọ̀, a ò lè kó èyí tó ń bọ̀ wọlé.

Ìyá Àgbà ti orí ẹní ìrun dé. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo mí.

"Kí ló dé tí o ò tú u?"

"Mo rò pé tí mo bá tú u, mo ti dá a sílẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbí? Ìdí abọ́ ni mo ti ń dá wọn sílẹ̀. Níbí, ẹjọ́ ti tán. Àkísà mi ni mo ń gbà. Ẹja á wọlé, àkísà á padà."

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fa òkìtì náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn, mo ń wo ẹja tí wọ́n ti dá lẹ́bi, tí àmì ikú wà lára gbogbo wọn, tí wọn ò sì kú. Bí ẹnì kan bá gba ibẹ̀ kọjá, tó kàn ka ẹja láìwo ìrù wọn, ohun tó máa sọ ni pé ẹja ti pọ̀ sí i nílé yìí. Òun náà ni mo sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo ń bọ̀." Wọ́n rò pé ilé ìgbẹ́ ni mo ń lọ. Ìkòròdú ni mo lọ.

Ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà Ìmọ́ta, ó kọjá ilé ìlọ ìrẹsì, ó ń já èrò sílẹ̀ níbi gbogbo, èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì rọra sún kúrò lára mi nítorí òórùn ẹja. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Nínú irú àwòrán tí à ń yà níbi iṣẹ́ wa, purotéènì máa ń hàn bí ìlà dúdú kan. Èyí tó bá wúwo máa ń dúró sókè, èyí tó bá fúyẹ́ á lọ sísàlẹ̀. Lórí àwòrán mi, lókè ìlà náà, nǹkan kan wà bí èéfín, ó dọ̀tí, ó ń gòkè lọ. Ọ̀gá mi ti wò ó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ní, "Gé ibẹ̀ kúrò, kò bójú mu." Mo gé e kúrò. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n purotéènì tí àmì ṣì wà lára rẹ̀ máa ń wúwo ju èyí tí kò ní lọ. Ibi tí èéfín yẹn wà gan-an ló yẹ kó dúró sí.

Mo dé ilé ní Ìtamága, mi ò tíì wẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá àwòrán tí mi ò tíì gé. Ó wà níbẹ̀. Òkìtì ẹja mi, pẹ̀lú àkísà wọn.

Kì í ṣe pé mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àfiwé kì í ṣe ẹ̀rí, bó ti wù kó dùn tó. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù, mo tún iṣẹ́ náà ṣe, mo lo èròjà kan tí kì í lẹ̀ mọ́ ohunkóhun àfi àmì náà. Ó lẹ̀ mọ́ èéfín yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́, ó tún rí bákan náà.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, ìyá mi ní òun ń bọ̀, Ìyá Àgbà ní ta ló fẹ́ fi òun sílẹ̀. A jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpàkòdó. Yàrá ìdánwò náà tutù bí ibi tí wọ́n ń gbé ẹja sí, Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bò ó. Ó wọ̀ ọ́, ó so bọ́tìnnì rẹ̀, apá kóòtù náà sì bá apá rẹ̀ dọ́gba bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ọ̀gá mi wọlé, ó rí àgbà obìnrin tó jókòó pẹ̀lú kóòtù, tí kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Pùróòfù." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ojú rẹ̀ ò yí padà.

Obìnrin onísílípáàsì bi mí ní ìbéèrè tó bi mí níjọ́sí. Mo gbé àwòrán tí mi ò gé sókè. Mo ní mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ́ńsáìmù mi máa ń gba purotéènì là kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Irọ́ ni. Ẹnu ẹ̀rọ gan-an ló ń gbé, ó ń gba àmì kúrò kí purotéènì lè wọlé, kí àmì sì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo mú un kúrò, ẹ̀rọ há, purotéènì tó yẹ kó lọ kò lọ, sẹ́ẹ̀lì kò sì lè parí pípín tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé ọ. Ta ló là á yé ọ?"

Mo tọ́ka. Gbogbo yàrá yíjú padà sí kóòtù búlúù.

Obìnrin náà wò ó dáadáa. Mo fi gbólóhùn bíi mélòó kan ṣàlàyé ilé ẹja, nítorí mo ti mọ gbólóhùn kúkúrú sọ wàyí. Ó wá bi Ìyá Àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí kò fi fún ẹnikẹ́ni nínú wa láti àárọ̀: "Mà, bí ẹnì kan bá fẹ́ kí iṣẹ́ dúró pátápátá nílé ẹja yín, ta ló máa kọ́kọ́ mú kúrò?"

"Èmi ni," ni Ìyá Àgbà wí. Kò fi gbéra ga, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà.

"Ní ìdí abọ́ ni, àbí lẹ́nu ẹ̀rọ?"

"Tí wọ́n bá mú mi ní ìdí abọ́, ẹja díẹ̀ ló máa ṣòfò. Àbúrò mi á kàn máa bínú sí ẹja ni." Ìyá mi rọra fi ìgbúnwọ́ gún un. "Tí wọ́n bá mú mi lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé tó bá sì ti ní ìdọ̀tí jù ló máa kọ́kọ́ dàrú."

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó sọ fún àwọn yòókù pé ohun tí àwọn tó ń wá oògùn jẹjẹrẹ ń rò nìyẹn gan-an: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń kánjú, ìdọ̀tí tó ń kó jọ pọ̀, bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ kú. Ó ṣeé ṣe, ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Wọ́n fún mi lóyè náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ní ẹnu ọ̀nà, ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, "Ṣé wọ́n ti wá fún ọ báyìí?" Mo ní wọ́n ti fún mi. Kò dì mọ́ mi, kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì ń rìn níwájú mi dé ọkọ̀ pẹ̀lú ìrìn tí mi ò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí. Nínú ọkọ̀, Ìyá Àgbà béèrè bóyá wọ́n dárúkọ obìnrin tó ni sẹ́ẹ̀lì. Mo ní rárá, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kò burú, ẹni tí òun ń gbàdúrà sí mọ̀ ọ́n.

Kóòtù náà kò padà sí Ìtamága. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló wà títí di òní. Ó máa ń wọ̀ ọ́ ní àárọ̀ tí òtútù bá mú, òórùn ẹja ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́tìnnì kan sì ti já. Bí èrò bá dé ilé ẹja, tó béèrè ibi tí Dókítà wà, Bàbá Ẹlẹ́rọ á tọ́ka sí obìnrin tó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ẹ̀rọ, tó ń tú àkísà. Bí mo bá wà nítòsí, mo máa ń gbọ́ ọ. Mi ò tíì bá wọn tún un ṣe rí.